Ohùn ń jáde, àwòrán ò sí

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín lónìí. Mo gbá àbúrò mi létí nítorí tẹlifíṣàn, ọmọ náà ò sì mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni. NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Mo tan tẹlifíṣàn, ohùn ń jáde, àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, ti gbá bọ́ọ̀lù ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mi ò béèrè nǹkan kan. Ìgbájú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ọ̀bẹ gún bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń ní, "Àǹtí mi, kò bà á! Mo búra, kò bà á!" Mo ní irọ́ ló ń pa.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹni tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ládùúgbò wá wò ó. Kò tiẹ̀ tú u. Ó ní sìkírìnì ló bàjẹ́, pé owó òmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra tẹlifíṣàn tuntun, pé ká kúkú ta á fún òun. Màmá mi mí kanlẹ̀. Àbúrò mi tẹ orí mọ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ náà ló sọ fún mi lórí fóònù: "Tan tẹlifíṣàn náà, pa iná pálọ̀, wá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Mo rí obìnrin tó ń ka ìròyìn, fírífírí bí òjìji. Àwòrán wà níbẹ̀. Iná ẹ̀yìn ẹ̀ ló kú.

Ẹ gbọ́, ó lè wúlò fún yín. Sìkírìnì tẹlifíṣàn LED kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń tàn án látẹ̀yìn. Wọ́n so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹyọ kan bá jó, gbogbo ẹ̀ lè kú. Ká ní bọ́ọ̀lù ló bà á ni, à bá rí ibi tó ti sán tàbí ìlà gbọọrọ. Tiwa ò ní ìlà kankan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi wá. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó ní ká dúró ná, torí kàpásítọ̀ inú ẹ̀ ṣì máa ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lè gbé èèyàn. Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n. A dojú ẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti àbúrò mi la jọ gbé sìkírìnì. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹnì kan ò lè dá a gbé kó má sán. Ọ̀rẹ́ mi fi mítà wo àwọn gílóòbù náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan péré ló jó.

A pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá náà sí irú ẹ̀ gan-an, a sì dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù nínú sẹ́tíǹsì, torí ooru ló ń tètè pa wọ́n.

Nígbà tó tàn, àbúrò mi ò pariwo. Ó kàn wò mí.

Nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú màmá wa. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Bọ́ọ̀lù mi ńkọ́?"

Mo ti ra òmíì fún un. Ẹ̀yin ará, kẹ́ ẹ tó gbá ọmọ létí, ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì.