Ikú Ilé àti Ikú Òde

Ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Pleasure, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìyànà Ìpájà lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, èyí tí í ṣe WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Àbíjáàn. Ìnira bá ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n àwáwí náà kò kúrò ní ẹnu mi. Bí kọ̀ǹpútà wa bá ti ń wọ́ bí ìgbín, èmi a ní, “Òkun ni,” tàbí kí n máa bú ilé iṣẹ́ tí a ń sanwó fún.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ láti tọrọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Agogo méjìlá òru ni àkókò yóò pé. Agogo mẹ́wàá lù, ìwé náà kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ọmọ náà bú sí ẹkún. Èmi sì bẹ̀rẹ̀ èébú mi.

Ìyá wa ní, “Ìwọ ọmọ yìí, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ǹjẹ́ o ti wo inú ilé?”

Mo dìde. Ẹ̀yìn fìríìjì ni a gbé róútà sí, irin a sì máa dí ọ̀nà fún un. Mo gbé e jáde, mo sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ó yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Mo wá wo iye ẹ̀rọ tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì wa. Mọ́kànlá ni mo bá, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ni tiwa! Méje yòókù jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àdúgbò, àwọn tí èmi fúnra mi fún ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wa, kí wọn lè máa pè mí ní ọ̀làwọ́. Ojú tì mí gidigidi. Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà lójú ẹsẹ̀. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, ìwé àbúrò mi ti dé ibi tí ó ń lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi, mo sì bẹ àbúrò mi. Lóòótọ́, okùn abẹ́ òkun a máa já. Ilé iṣẹ́ pẹ̀lú a máa ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìdí róútà ni mo kọ́kọ́ ń lọ kí n tó dá òkun lẹ́bi.