Omi Tí Kò Kán Sílẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bu omi sí rẹdíétọ̀ láàárín Ìṣẹ́yìn àti Ìwéré-Ilé. Màmá mi jókòó sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa rí dókítà n'Íbàdàn. Abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Mọkálíìkì kan ti ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ká tú ẹ́ńjìnnì. Mo ti ń wá ẹni tó máa yá mi lówó.

Èmi tí mò ń kọ software jẹun! A kì í tú gbogbo iṣẹ́ ká nítorí àṣìṣe tá ò tíì rí. Ẹ̀rù ló gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi.

Nílé, bàbá mọkálíìkì kan jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ó de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹnu rẹdíétọ̀, ó fún afẹ́fẹ́ sí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ pọ́ǹpù omi. Omi ń yọ níbẹ̀ bí òógùn.

"Ṣó o rí i, ọmọ mi? Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á ti gbẹ kó tó kán sílẹ̀. Àpá funfun yìí nìkan ló ń fi sílẹ̀."

Pọ́ǹpù nìkan la pààrọ̀. Lọ́jọ́ tá à ń lọ s'Íbàdàn, màmá mi sùn dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.