Etí Ni Ijó Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún méje kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ijó jíjó. Ìdúró ni kí a kọ́ ọ. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ ọmọ níjó ní Òjóò, ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí ojú títì tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, kí n tó la ẹnu ni àwọn ọmọ ti ń ju ẹsẹ̀ sókè. Bí mọ́tò bá fọn fèrè lójú títì, ìyẹn náà ti tó ijó fún wọn. Nítorí náà, eré kan ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀: bí ìlù bá ń dún, kí wọ́n máa rìn káàkiri, bí ó bá dákẹ́, kí oníkálukú gan síbi tó wà. Ẹni tó bá mira, kó jókòó. Níbẹ̀rẹ̀, kíá ni ìdajì kíláàsì máa ń wà nílẹ̀. Nígbà tó bá yá, wàá rí i pé wọ́n ti ń yọ́ rìn, wọ́n ti ń fojú ṣọ́ ọwọ́ onílù, ariwo ti dínkù. Etí wọn ti là nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ka ìbẹ̀rẹ̀ ijó sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo ń kọ́ wọn kò pọ̀. Orúnkún kíká ló ṣáájú. Ijó baálẹ̀ẹ̀tì ti àwọn òyìnbó ń fẹ́ kí oníjó na ara gan, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ilẹ̀ ni tiwa ń wá: orúnkún á rọ̀, ìdí á sún sẹ́yìn díẹ̀, àyà á tẹ̀ síwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ á kanlẹ̀ tán. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti mọ èyí láìfura. Nígbà tí ijó shaku shaku gbòde ní 2018, tí zanku tí olórin Zlatan gbé dé tẹ̀ lé e, orúnkún kíká yìí kan náà ló wà nídìí méjèèjì. N kì í bá wọn jà nítorí ijó ìgboro. Mo máa ń ní kí wọ́n fi zanku wọn hàn mí. Bí orúnkún bá ti ká dáadáa, mo ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí Bàbá Onílù tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Dùndún ni Bàbá ń lù, ọmọ rẹ̀ a sì máa fi gúdúgúdú tẹ̀ lé e. Gúdúgúdú ni ìlù kékeré tí wọ́n ń fi ọṣán awọ méjì lù, kì í sì í yí ohùn padà. Ìyáàlù dùndún tí Bàbá ń lù ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹsẹ̀ wọn máa gbọ́ ti gúdúgúdú, kí èjìká àti ọwọ́ máa dá ìyáàlù lóhùn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún ọmọ kékeré, kí ara kan ṣoṣo máa jẹ́ ìpè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á mú un lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á gbàgbé ẹsẹ̀ bí èjìká bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ̀rín á sì gba kíláàsì kan.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ijó ló ń fi “wáàn, túù, tírìì, fọ́ọ̀” kọ́ ọmọ. Ó rọrùn, ó sì bá orin inú ẹ̀rọ mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìlù dùndún kì í rìn ní mẹ́rin mẹ́rin gbọọrọ bẹ́ẹ̀; méjì àti mẹ́ta ló ń wọnú ara wọn. Ọmọ tó bá ń kà á lẹ́nu kò ní gbọ́ ìgbà tí ìyáàlù bá pe òun lórúkọ. Ó sì ń pè wọ́n lóòótọ́. Bàbá ló dá a lábàá pé ẹni tí òun bá fi ìlù pè ni kó bọ́ sáàárín agbo. Ó lu Adébáyọ̀, Adébáyọ̀ jáde. Adéníyì náà jáde, Ọláníyì tẹ̀ lé e, torí pé bákan náà ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dún létí ìlù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn onílù ìdílé Àyàn kì í fi í fi orúkọ kan ṣoṣo kini. Gbólóhùn gígùn ni wọ́n máa ń fà, oríkì á tẹ̀ lé oríkì, títí ẹni tí wọ́n ń kì yóò fi mọ̀ pé òun ni. Ìgbà tí onílù fi parí àlàyé yìí, ọmọ Hausa kan láti apá Ṣáṣá ti na ọwọ́ sókè: kàlàǹgú wà nílé àwọn, kí wọ́n wá fi pe òun náà. Mọ̀lẹ́bí ni kàlàǹgú àti dùndún. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí okùn ń ṣe tí ohùn fi ń lọ sókè sódò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀tún àti òsì, torí pé ó ń da ọ̀pọ̀ olùkọ́ láàmú. Bí o bá kọjú sí ọmọ, tí o ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún, tìrẹ tí o gbé, apá òsì rẹ̀ ló wà. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà sì ṣì ń ṣi méjèèjì mú. Mo máa ń kẹ̀yìn sí wọn ni, tàbí kí n ní “ọwọ́ apá fèrèsé, ẹsẹ̀ apá ẹnu ọ̀nà.” Ní ti àwọn jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan dídúró dá wọn lágara. Àtẹ́wọ́ àti rírìn ti tó wọn.

Àwọn òbí kan a máa ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ ìlù òrìṣà. Bàtá ni wọ́n ń sọ, nítorí Ṣàngó àti egúngún. N kì í fi bàtá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí tiwọn: bàtá yára, ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ líle. Dùndún tí a ń lò ni wọ́n ń lù tẹ̀ lé wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń pàdé Alhaji tó bá ti Mẹ́kà dé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà Òjóò sí Yunifásítì Ìbàdàn kò jìn, síbẹ̀ ìmọ̀ ijó ibẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹ̀kọ́ eré oníṣe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí Peggy Harper, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, sì kọ́ni níjó níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Omofolabo Ajayi fi odindi ìwé kan sọ̀rọ̀ lórí ijó Yorùbá ní 1998. Àwọn àgbà ti ń fi ijó ṣe ìwádìí látìgbà náà, àmọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìjọba ti fi iṣẹ́ ọnà àti àṣà sínú ìlànà ẹ̀kọ́, ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ijó. Mo ti rí ìbéèrè ìdánwò tó ní kí ọmọ dárúkọ oríṣi ijó mẹ́ta. Ó dárúkọ wọn, ó gba máàkì tó pé. Kò jó ọ̀kankan rí.

Bí táàmù kẹta bá ń parí lọ ni ijó tó wá di dandan. Wọ́n á yan orin kan, wọ́n á fi gbogbo ọ̀sán dánra wò, òbí á dé, owó á máa fò. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ̀ ọ́n jó láti ilé ni wọ́n ń tò síwájú, àwọn tí ẹ̀kọ́ ì bá wúlò fún wà lẹ́yìn, wọ́n di fùkẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, òpin ọ̀sẹ̀ ni òde ìnáwó máa ń wà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí onílù tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ní Òjóò, ní Ṣáṣá, títí dé Mọ́níyà. Ẹ pè é fún wákàtí kan, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ bí ẹ ti ń sanwó olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ibi ayẹyẹ ìparí ọdún, ẹ wo ìlà ẹ̀yìn dáadáa, kí ẹ bi wá léèrè ohun tí a kọ́ àwọn tó wà níbẹ̀.