Ẹni tí ń lọ sí Gembu, wo nọ́ńbà ara taya rẹ!

Lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti bá ti Kamẹrúùnù pààlà, ni ìlú Gembu wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà, òtútù rẹ̀ sì lè mú kí ará Ìbàdàn máa wá súwẹ́tà kiri. Oko tíì wà ní Kakara, màlúù sì ń jẹko lórí pápá tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Ibi tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bá ẹ̀fẹ̀ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn Bali àti Serti, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò gun òkè, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Kì í ṣe ibẹ̀ ni taya ti yẹ kí ó bẹ́.

Ẹni tí ń ra taya jíìpù sábà máa ń wo eyín rẹ̀ nìkan: bó bá ti rí gàǹgà-gàǹgà, ó ti sanwó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Kí a mú taya tí wọ́n kọ 265/70R16 112S sí lára. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 70 fi hàn pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ náà. 16 ni ìwọ̀n ríìmù rẹ̀ ní íńṣì. S jẹ́ ti eré sísá, kò sì gbọdọ̀ ju 180 kìlómítà ní wákàtí kan (ta ni yóò tilẹ̀ sá a lórí òkè yẹn?). 112 yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Àmì ẹrù ni: taya kan lè gbé 1,120 kílò, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé. Èyí tí wọ́n kọ 100 sí kò lè gbé ju 800 kílò lọ. Jíìpù ńlá mìíràn sì ti wúwo ju 2,000 kílò lọ kí èrò àti agolo epo tó wọ inú rẹ̀, ẹrù kì í sì í pín dọ́gba. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, taya ẹ̀yìn ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù.

Àwọn kan a ní kí wọ́n fi 265/75R16 rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè ga. Yóò ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí aago iwájú awakọ̀ bá ń sọ 100, ọkọ̀ ti ń sá ju 103 lọ, bíréèkì á sì ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ti sọ èyí tí ó yẹ. Ní ti taya tòkunbọ̀, kí olùrà wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT: 3512 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ó máa dán tó.

Àwọn tí ń yà wo ẹranko ní ọgbà Gashaka-Gumti, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, máa ń dín afẹ́fẹ́ taya kù kí ó má baà rì sínú yanrìn odò. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù kò lè gbé 1,120 kílò mọ́. Ní Serti ni kí wọ́n ti fẹ́ ẹ padà, kí wọ́n tó kọjú sí òkè.