Akòko Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ní ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá mi gbin igi akòko kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgọ́-Àrẹ. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni ó ṣe gbìn ín. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa ti bá ilẹ̀ aládùúgbò wa pààlà, akòko náà ni àwọn àgbà méjèèjì sì fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo fi di géńdé, igi náà ti ga ju òrùlé lọ. Bàbá mi kú, igi kò kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn àbúrò mi pinnu láti fẹ ilé náà sẹ́yìn, nítorí ìdílé ti pọ̀, ààyè kò sì gbà wọ́n mọ́. Gbòǹgbò akòko yóò da ìpìlẹ̀ rú. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ìsẹ́yìn, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, pé àwọn yóò gé e.

N kò lè bá wọn jà. Ènìyàn ni ó ń sùn nínú ilé, kì í ṣe igi. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹ̀ka mélòó kan ránṣẹ́ sí mi, kí n lè gbìn ín sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọdékùnrin kan ni wọ́n ní kí ó gé e wá. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn sì ti bó. Ẹ̀ka mẹ́wàá ni ó dì wá, kò sí ewé kan ṣoṣo lára wọn. Mo gbìn wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Títí oṣù Kejì fi parí, ọ̀kan kò rúwé. Nígbà tí mo fa ọ̀kan tu, ó ti gbẹ bí igi ìdáná.

Mo mú un lọ sílé láti fi han ìyá mi. Wọ́n fi èékánná họ ara rẹ̀, èèpo rẹ̀ sì ṣí pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́. Wọ́n ní, "Àjàní, ta ni ó sọ fún ọ pé akòko ni èyí? Ìgbà wo ni o rí akòko bàbá rẹ ní ìhòòhò?"

Ọmọ náà kò dé ẹ̀yìnkùlé wa rárá. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ó ti gé ẹ̀ka tirẹ̀, lára igi kan tí òdòdó rẹ̀ jọ ti akòko. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ igi kò dá igi mọ̀ nígbà tí ewé kò sí lára rẹ̀! Ohun tí ó yọ mí ni pé owó sìmẹ́ǹtì àwọn àbúrò mi kò tíì pé. Akòko ṣì wà ní ìdúró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo igi dáadáa. Ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka igi méjèèjì sí. Òdòdó wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, èso wọn gùn tín-ínrín, ewé wọn sì ń kọjú síra ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ewé akòko ń dán, kò ní irun, etí rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki bí eyín ayùn. Ẹ̀ka rẹ̀ a máa nà sókè gbọnrangandan, kì í tẹ́ bí agboòrùn. Newbouldia laevis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọ̀rọ̀ kejì yẹn sì túmọ̀ sí "dídán". Stereospermum kunthianum ni orúkọ èkejì, igi ọ̀dàn tí í máa tanná ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí kò sí ewé lórí rẹ̀. Keay, Onochie àti Stanfield ṣe ìwé ńlá kan lórí àwọn igi ilẹ̀ wa, apá kìíní jáde ní 1960, èkejì ní 1964. Ẹni tí ó bá rí i kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ogirisi ni àwọn Ìgbò ń pe akòko, àwọn náà a sì máa fi í pààlà. Ní tiwa, ẹ mọ̀ pé a kì í fi ènìyàn joyè kí a má wá ewé akòko.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù Kẹrin, mo padà sílé. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, wọ́n ń pàṣẹ, mo ń gé. Ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ni wọ́n ní kí n mú. Ọ̀jẹ̀lẹ́ ẹ̀ka a tètè rà. Mo gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀, mo gé orí rẹ̀ ní títẹ́, kí n má baà dorí rẹ̀ kodò, nítorí ìdí nìkan ni gbòǹgbò fẹ́ ti máa yọ. Mo já gbogbo ewé rẹ̀ kúrò. Ewé a máa tú omi dànù sí afẹ́fẹ́, igi tí kò tíì ní gbòǹgbò kò sì ní ibi tí yóò ti rí òmíràn fà. Abájọ tí ọyẹ́ fi jẹ́ ọ̀tá ẹni tí ń gbin ẹ̀ka. A kó wọn sí abẹ́ ibòòji mọ́jú kí oje ojú ọgbẹ́ lè gbẹ, lẹ́yìn náà a ri ìdá mẹ́ta wọn kan mọ́lẹ̀, a sì ki ilẹ̀ mọ́ wọn dáadáa.

Ohun kan ń tan ènìyàn jẹ níhìn-ín. Ẹ̀ka a máa rúwé kí ó tó ta gbòǹgbò, nítorí oúnjẹ tí ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń jẹ. Mo yọ̀ nígbà tí méjìlá rúwé ní Ìsẹ́yìn. Mẹ́ta rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. (Èmi ni mo fa ọ̀kan nínú wọn tu láti wò ó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.)

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó gbà báyìí. Pèrègún gbà, ìyeyè gbà, agúnmaniyè gbà. Bọ̀tujẹ̀ náà gbà, ó sì dára fún ọgbà, ṣùgbọ́n májèlé ni kóró rẹ̀: ọmọdé tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì ni. Mo ti ri ẹ̀ka emi mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá gbin kóró emi lè dúró fún ọdún 15 sí 20 kí ó tó so.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ọkàn mi balẹ̀ jù ni èyí. Igi tí ó hù láti inú kóró ní ìyá, ó sì ní bàbá. Ó lè má jọ èyíkéyìí nínú wọn. Èyí tí a gé gbìn kì í ṣe ọmọ. Igi àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni, ní ibòmíràn. Akòko mẹ́sàn-án tí ó wà lẹ́bàá pápá ìṣiré wa ní Ìsẹ́yìn, igi tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni.

Wọ́n gé èyí tí ó wà nílé ní oṣù Karùn-ún. Kí wọ́n tó gé e, mo ti gé ẹ̀ka mẹ́ta sí i, mo sì pe ọmọ aládùúgbò wa, tí bàbá tirẹ̀ náà ti lọ, pé kí ó wá bá mi gbìn ín sí ojú ààlà, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí kò ti ní dé ìpìlẹ̀. Ìyá mi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó di ẹ̀ka kìíní mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ìdí?" Mo fi ojú gígé ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ náà hàn án.