Orin Tó Ń Pe Àlejò

Bí ẹ bá ń wo ìpolówó ibi ìgbafẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ sì yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀: omi, iyanrìn, ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí irin. Orin ló ń sọ fún wa pé inú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dùn. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, àbúrò mi sì ń bínú sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé-iṣẹ́ Six Flags ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan ní ọdún 2004 tí àwọn èèyàn ṣì ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá arúgbó kan tó pá lórí, tó wọ kóòtù dúdú àti awò ojú ńlá, ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Lójijì ni orin bú jáde, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ọmọ ogún ọdún. We Like to Party ni orin náà, tí ẹgbẹ́ Vengaboys ti ilẹ̀ Netherlands gbé jáde ní 1998. Orin bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì ló sì gbé bàbá wá. Kò sí ohun tí wọ́n gé níbẹ̀ tó lè dun ẹnikẹ́ni. (Orin dídùn kì í san gbèsè ṣá o: ní ọdún 2009, gbèsè lé ilé-iṣẹ́ náà dé kóòtù.)

Ti Jàmáíkà ló ń dà mí láàmú. Bob Marley àti àwọn Wailers kọ́kọ́ gbé One Love jáde ní 1965, ó sì tún un kọ sínú àwo Exodus ní 1977. Ìlú London ló wà nígbà náà, nítorí pé ní December 1976 àwọn oníbọn ya wọ ilé rẹ̀ ní Kingston, wọ́n yìnbọn fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí ọta ìbọn bà ló ń kọrin ìfẹ́ yẹn. Bí a bá fetí sí i dáadáa, ìbéèrè líle wà nínú rẹ̀ nípa ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ṣe ọmọ aráyé níbi nítorí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun ìkẹyìn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Marley kú ní 1981. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní Jàmáíkà mú orin náà ṣe ìpolówó. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ogun kò sí níbẹ̀. Etíkun ló kù, àti ìpè pé kí àlejò máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin etíkun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1956 kò fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wọ gbogbo etíkun bó ṣe wù wọ́n. Mi ò ní kí wọ́n má lo orin náà. Àlejò ni ọ̀pọ̀ ará Jàmáíkà fi ń jẹun.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí ni pé onílù dùndún ni bàbá mi. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀bá odò. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ìlù tí wọ́n fi ń jí kábíyèsí ṣe ìpolówó, ìṣẹ́jú àáyá 20 péré. Owó tó dá lé e tó san owó WAEC mi, yóò sì ṣẹ́ kù.

Màámi ní, “Bàbá Àyánkẹ́, ẹ gbà á o. Ṣé ìlù náà máa tán ni?”

Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Orúkọ ọba mọ́kànlá ló wà nínú ìlù yìí. Ìṣẹ́jú àáyá ogún kò lè dé ọ̀dọ̀ ọba kẹta. Àwọn wo ni kí n fò?”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò ò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwa tí a gbọ́ ńkọ́? Ó dá mi lójú pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gé orin olórin níbi gbogbo.

Ẹni tó ń ta àgbàdo ládùúgbò wa ní orin tirẹ̀, ṣùgbọ́n tìtorí àgbàdo ni wọ́n ṣe dá a, kò já a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí bàbá mi sọ fún ọ̀gá náà nìyẹn: àwọn á ṣe ìlù tuntun fún un. Ó ní òun á wá gbọ́ ọ níparí oṣù, kò ṣèlérí.

Lálaalẹ́ ni wọ́n ń dán an wò lẹ́yìn oúnjẹ. Ìlù náà ń ki odò, ó ń ki atẹ́gùn, ó tiẹ̀ ń ki ẹja díndín tí wọ́n máa tà níbẹ̀. Màámi ń ka ọjọ́, nítorí iléèwé ti dá ọjọ́ tí owó WAEC gbọ́dọ̀ wọlé. Àbúrò mi ti ń fi ẹnu lu ìlù náà kiri ilé.