Awò Olójú Púpọ̀ àti Imú Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí èèyàn bá ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ mú ìwé ìròyìn, ẹ nà án síwájú, ẹ tún nà án, títí apá fi tán, lẹ́tà ò sì tíì hàn. Ẹ má bi aláwo kankan. Ohun kékeré kan tó mọ́ gaara wà nínú ẹyinjú tó máa ń sanra láti wo nǹkan ìtòsí, tó sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ láti wo ọ̀ọ́kán. Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i ló ń gan, tí kò wá lè sanra mọ́. Ó ń ṣe olówó, ó ń ṣe tálákà.

Ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa látilẹ̀ ni tirẹ̀ wá di wàhálà méjì, torí awò méjì ló máa tọ́jú sápò: ọ̀kan fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí sú Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Whatley, ní 1785, ó ṣàlàyé pé òun ní kí wọ́n gé awò òun méjèèjì sí méjì, kí wọ́n sì pa ààbọ̀ ọ̀kan pọ̀ mọ́ ààbọ̀ ìkejì nínú férémù kan ṣoṣo, òkè fún ọ̀nà, ìsàlẹ̀ fún ìwé. Ní 1959, Bernard Maitenaz, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé èyí tí kò ní ìlà láàárín jáde, tó ń jẹ́ Varilux. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, agbára rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹ fi òkè wo ọ̀nà, ẹ fi àárín wo ohun tó wà ní ìwọ̀n ọwọ́ yín, ẹ fi ìsàlẹ̀ kàwé. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Irú rẹ̀ làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dáwó jọ rà fún un.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀kọ, ìlú wa tó wà lẹ́bàá ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, èyí táwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì. Ó ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé, ó ń rán bùbá àti ìró, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá gan-an lowó ń wọlé fún un. Ẹ mọ̀ pé Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin Wòlíì Oshoffa tó dá Ìjọ Mímọ́ Sẹ̀lẹ́sítíà sílẹ̀ sí, ní 1985. Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ ìjọ ń ya wọ ìlú láti ibi gbogbo, àwọn tí sùtánà wọn ti gbó tàbí tó ti fún wọn á sì wá aránṣọ. Òwú funfun, lórí aṣọ funfun, lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú. Kí ẹni tí ojú ń dùn lọ rán ìyẹn wò!

Awò dé, inú wa dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago. Ó ní, “Àbúrò, orí ń fọ́ mi, ọrùn ń ro mí. Bí adìẹ tó ń mu omi ni mo ṣe ń ṣe kí n tó rí abẹ́rẹ́.” Mo bi wọ́n léèrè níbi tí wọ́n ti rà á, ní ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kó fara dà á, ó máa mọ́ ọn lára. Òótọ́ ni pé ojú ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó mọ awò bẹ́ẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, oṣù kejì tẹ̀ lé e. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó fi ibi tí wọ́n fi ń kàwé wò ó, àtẹ̀gùn di bàìbàì, ó gbẹ́sẹ̀ sófo. Orúnkún rẹ̀ wú bí ìkòkò. Ó kó awò náà sínú àpótí, ó sì sọ fún mi pé òun fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Ẹ̀rọ tó fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé!

Mo wọkọ̀ l'Ábẹ́òkúta, mo gba Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú lẹ́ǹsì. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ló là mí lójú. Aago ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, torí fóònù ni gbogbo ayé fi ń wo àkókò, nítorí náà rédíò àti awò ojú ló kù tí bàbá fi ń jẹun. Kò bi wá pé mélòó la rà á. Ó ní, “Ìyá Aránṣọ, ẹ lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ máa ránṣọ.” Ó jókòó tì í pẹ̀lú sùúrù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òógùn bọ́, ni awò bá ń yọ́ wálẹ̀ lórí imú.

Ẹ gbọ́ ná. Nínú awò olójú púpọ̀ yìí, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín tí ojú gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kò mọ́ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àbùkù. Bí férémù bá fi ìbú hóró ìrẹsì kan sọ̀ kalẹ̀, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fi wo abẹ́rẹ́ ti lọ sísàlẹ̀, ẹ̀yin náà á wá gbé àgbọ̀n sókè láti máa wá a. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń ta awò gbé férémù tẹ́ ẹ yàn sí yín lójú ná, kó tò ó kó jókòó dáadáa, kó wá fi bírò sàmì sí iwájú ọmọlójú yín, kó tó gé lẹ́ǹsì. Ẹ yẹra fún férémù pẹlẹbẹ tó ń wu àwọn ọ̀dọ́, torí bí kò bá ga tó, ibi ìwé kíkà gan-an ni wọ́n máa gé dànù, ẹ ó sì ti sanwó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ férémù tó wà lórí àtẹ wa, imú gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n. Imú tiwa jókòó, ó fẹ̀. Kí ni yóò gbé e dúró? Nílẹ̀ Kétu àti Yewa, mo ti rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ awò dúdú sí lójú. Ìmẹ̀kọ kò kẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Agbẹ́gilére ìlú náà ni Duga, tí William Bascom ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1973. Nínú gbogbo awò tí mo mọ̀, ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan ni kì í yọ́, torí igi kan náà ni òun àti imú.

Férémù irin ni ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké méjì olórí rọ́bà tó ń jókòó lórí imú. Bí wọ́n ṣe kó o jáde nínú páálí ni wọ́n ṣe tà á. Ẹnì kankan ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn rí. Bàbá fi àkísà wé ẹnu ẹ̀mú kékeré rẹ̀, ó fún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra díẹ̀, awò gòkè. Bí wọ́n bá yà wọ́n síra ni awò á sọ̀. Ó tún tẹ ìdí apá rẹ̀ kó lè di etí mú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́, kò gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, “Yéè!”

Àfi bó ṣe dìde tó fẹ́ jáde. Bí awò ti gòkè, ibi ìwé kíkà náà gòkè, ilẹ̀ wá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ibi tí iṣẹ́ ń fẹ́ kí awò wà kọ́ ni ìrìn ń fẹ́. Àwọn kan ti ronú kan férémù tí imú rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí èèyàn á tì sókè bó bá ń ṣiṣẹ́, tí á tì wálẹ̀ bó bá ń rìn. Mo ta á lọ́rẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá rí i rà. N kò rí i l'Ábẹ́òkúta. Mo ní kí bàbá máa fi ẹ̀mú ṣe é nígbà gbogbo, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ máa tẹ ṣíbí síwá sẹ́yìn, ẹ wò ó bí kò ní kán.”

A gbé e sí ipò iṣẹ́. Awò àtijọ́ rẹ̀, olójú kan, ló ń wọ̀ bó bá ń lọ sọ́jà. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ọgbọ́n Ìmẹ̀kọ nìkan: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2010, fi hàn pé àwọn àgbàlagbà tó ń jáde dáadáa kì í ṣubú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá fún wọn ní awò olójú kan fún ìta.

Bọ́lá Tinubu gbé ètò Jígí Bọ́lá kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, láàárín 1999 sí 2007. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ tún sọ orúkọ náà jí fún ètò awò tuntun. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n awò olójú púpọ̀ kò ṣeé pín bí ẹní pín ìrẹsì. Ohun tó wù mí jù ni ti Martin Aufmuth, tíṣà kan ní Jámánì, tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2012 tó ń ṣe awò tówó ohun èlò rẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là kan. Wọ́n dé orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ti ń fi ẹ̀rọ kékeré tẹ wáyà di férémù. Olójú kan ni awò wọn, kò tó ti ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ wáyà jókòó níwájú ẹni tó ni imú. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi du ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti náwó ńlá.

Kò ta ẹ̀rọ mọ́. Sùtánà mọ́kànlélógún ló rán ní Kérésì tó kọjá. Òógùn ti pọ́n rọ́bà ẹsẹ̀ awò náà, mo sì ti ra méjì mìíràn tí mo máa mú lọ. Bàbá ní òun ò ní gbowó ọwọ́ lórí ìyẹn, kí n ṣáà ra sùkúdíráfà kékeré kan bọ̀ láti Èkó, torí ẹnu ti òun ti kú.